Alágbàro Kì Í Ṣe Ọkọ́

 

Kí ẹ tó máa ka ìwé yìí lọ, ẹ padà wo àkọlé rẹ̀. Ọkọ́ ni mo kọ, èyí tí a fi ń kọ ebè. Kì í ṣe ọkọ tí obìnrin ń fẹ́, kì í sì í ṣe ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ọjà. Ẹ rí i pé àmì orí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́! Ọkọ́ ni ohun tí a ń lò láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí a óò sì fi há inú ahéré nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Kò sí ẹni tó ń bi ọkọ́ bóyá ó jẹun. Kò sí ẹni tó ń bi í pé ọmọ rẹ̀ ńkọ́. Bí a sì ṣe ń ṣe sí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ro oko wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì fẹ́ bá yín jà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ má bínú.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Bí òjò bá ti ń ṣú, wọn a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ṣábẹ, ní Glazoué, ní Tchaourou, wọn a sì gba ọ̀nà oko lọ. Àpò kan, ọkọ́ kan, nígbà míràn ìyàwó pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan ti Boukoumbé àti Natitingou wá, àwọn kan ti Djougou, àwọn kan ti agbègbè Kara ní ilẹ̀ Tógò. Òkè Atacora kún fún òkúta, ilẹ̀ tó dára níbẹ̀ kò sì tó ènìyàn mọ́. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. "Sọ́mbà" ni a ń pe gbogbo wọn. Wọn kò pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Betammaribe ni àwọn kan, Yom ni àwọn kan, Lokpa ni àwọn kan, Kabiyè ni àwọn ará Tógò. Àwa ará Ṣábẹ àti ará Kétu, tí ẹlòmíràn kó gbogbo wa pọ̀ sábẹ́ orúkọ Nàgó, ó yẹ kí irú èyí tètè yé wa.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń bá wa ṣe. Èkíní ni àgbàro: a ka ebè, a san owó, ó parí. Ìjà kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí ojú gbogbo ènìyàn ló rí ebè. Èkejì ni iṣẹ́ ọdún. Ẹni náà á máa gbé lọ́dọ̀ ọlọ́ko, á máa jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, á ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a bá ń ṣán oko títí a ó fi ká òwú, tí a ó fi wa iṣu, a ó sì san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ọdún bá ń parí. Àwọn ọ̀dọ́ Tógò tó ń kọjá lọ sí oko Nàìjíríà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Wọn a ṣe ọdún kan, alùpùpù ni owó wọn. Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ wá bi ara yín: ẹni tí owó oṣù mẹ́wàá rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ǹjẹ́ ó lè sọ òtítọ́ lójú yín? Ǹjẹ́ ó lè sọ pé ara òun kò yá? Bí ó bá bínú lọ ní oṣù kẹjọ, kí ni yóò mú lọ sílé?

Ní ọdún 2022, ọkùnrin kan láti ìhà Boukoumbé wá sí kíláàsì alẹ́ mi. Mo gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan nínú yín sọ pé a kò kọ́ búkà ẹ̀kọ́ náà fún àlejò. Nàgó rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ òǹkà sára pátákó, ojú rẹ̀ a là. Ó mọ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò kí ó tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ó mú ìwé kan wá bá mi, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi ṣe ìṣirò owó rẹ̀.

Àdéhùn wọn jẹ́ 180.000 sẹ́fà. Wọ́n yọ 14.500 fún oògùn ibà. Wọ́n yọ 4.000 fún bàtà rọ́bà. Wọ́n yọ 13.200 fún ọjọ́ 22 tí àìsàn fi dá a dúbúlẹ̀. Wọ́n yọ 10.000 tí ó yá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n tún yọ 10.000. Ó fi ìka tọ́ ọ fún mi. "Olùkọ́, ẹ wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yá a. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́."

Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ bá ọ̀gá òun sọ ọ́. Èmi ńkọ́, kí ni mo ṣe? Ọlọ́ko náà jẹ́ àna mi. Mo ní, "Jẹ́ kí n rò ó wò." Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ pé ó ti wọ ọkọ̀ lọ.

Mi ò sọ pé olè ni àna mi. Mo gbà pé ó gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé tó jẹ́ pé àpò ọlọ́ko nìkan ló máa ń bọ́ sí, irú ìgbàgbé wo nìyẹn? Ẹ sì wo ọjọ́ 22 yẹn. Inú oko ta ni ibà ti mú un? Nínú oko tirẹ̀ ni bí?

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní abúlé wa báyìí. Àjọ wà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gaàrí wà. Ẹgbẹ́ olóko òwú wà. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ọmọ ilé ìwé wà. Ẹgbẹ́ ìsìnkú wà. Bí ejò bá bu ọ̀kan nínú wa jẹ, kí ilẹ̀ tó ṣú owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti jọ. Àáró sì wà, tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́: lónìí a ṣe oko tìrẹ, lọ́la a ṣe oko tèmi. Alágbàro ńkọ́? Nínú èwo ló wà? Bí ó bá kan ọ̀gá rẹ̀ láti lọ san àáró, òun ni ọ̀gá ń rán lọ. Òun ló ń fi èjìká tirẹ̀ san àáró ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ tí òun bá dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣe àáró fún un. Ọjọ́ tó bá kú, à ń wá ọ̀nà tí a ó fi tètè sin ín.

Ta ni ń fín oògùn òwú fún wa? Òun náà ni. Láìbo imú, láìwọ ìbọ̀wọ́. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Borgou nígbà òwú ọdún 1999 sí 2000, tí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn, ó kéré tán 37. Àpò oògùn tí a fi wé oúnjẹ, igbá tí a fi po oògùn tí a sì tún fi bu omi mu, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń pa ènìyàn. Ọlọ́ko tó lọ sí ìpàdé ti gbọ́ ọ. Ẹni tó gbé oògùn pọ̀n kò sí ní ìpàdé, wọn kò pè é.

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Mo ti gbọ́ ọ lábẹ́ igi, mo ti gbọ́ ọ nílé ọtí.

Ẹ ó ní: "Àlejò ni wọ́n, wọn á lọ." Ta ni kì í ṣe àlejò rí nínú wa? Àwọn ará wa ti ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kúrò. Ẹni tó ní oko fi oko sílẹ̀, ẹni tí wọ́n jẹ lówó fi owó sílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà nínú yín tó rí bí wọ́n ṣe dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n lé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò wà nínú wọn, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sì kún fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà lóko Nàìjíríà lónìí olónìí, ní ìhà Ìmẹ̀kọ tàbí ní ìhà Ìsẹ́yìn. Bí àìsàn bá ṣe é níbẹ̀, irú ọlọ́ko wo ni ẹ ń gbàdúrà pé kí ó bọ́ sí lọ́wọ́?

Ẹ tún ní: "Iṣẹ́ ìjọba ni." Ìjọba ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 sọ pé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2003, wọ́n dá àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ padà láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Abẹ́òkúta. A gbọ́ ọ nínú rédíò, a pariwo, a ṣépè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, òfin mìíràn jáde pé a kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 2006 yìí kan náà ni wọ́n sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ di 52.000 sẹ́fà. Ẹ fi ìyẹn wé owó ọkùnrin Boukoumbé tí mo sọ, kí ẹ rí bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti ìwé ìjọba dé inú oko wa. Òfin kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé ní abúlé ló gbọ́dọ̀ gbé e dé abà. Nígbà tí a pariwo lórí àwọn ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọdé wà lóko wa tó ń lé ọ̀bọ nídìí àgbàdo ní àkókò ilé ìwé. Ọmọ alágbàro ni, nítorí náà a kò kà á mọ́ ọmọdé.

Èyí tó le jù nínú ìdáhùn yín ni ti ilẹ̀. "Bí a bá fà wọ́n mọ́ra, wọn á gba ilẹ̀ bàbá wa." Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín lóòótọ́, àwọn kan nínú yín sì ti rí ìjà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Bí àlejò bá pẹ́ lọ́dọ̀ wa, kì í fẹ́ ṣe àgbàro mọ́. Á gbé ọtí àti adìyẹ lọ bá onílẹ̀, wọn á sì fún un ní ibi tí yóò máa gbin iṣu àti àgbàdo. Lọ́dọọdún, á mú ìṣákọ́lẹ̀ wá. Wọn á kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbin igi. Kò gbọdọ̀ gbin kajú, kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ gbin ọsàn, nítorí ẹni tó gbin igi ni ọmọ rẹ̀ yóò wá sọ lọ́la pé ilẹ̀ àwọn ni. Títí débẹ̀, ó yé mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kajú ti di owó, ẹ ti rí ohun tí à ń ṣe. Àlejò á ṣán igbó, á sun ún, á hú kùkùté, á fi ọdún mẹ́ta gbà á lọ́wọ́ koríko. Bí ilẹ̀ bá ti wá dára tán, a ó ní kí ó kúrò, a ó gbin kajú tiwa síbẹ̀, a ó sì tì í sínú igbó míràn. Àwọn onílẹ̀ kan tilẹ̀ wà tó gba ọtí lọ́wọ́ àlejò méjì lórí ilẹ̀ kan náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá yọ àdá sí ara wọn, a ó ní, "Ẹ ò rí i pé àwọn Sọ́mbà burú!"

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kó ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún àlejò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rù ilẹ̀ kò dí wa lọ́wọ́ láti gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn. Owó iṣẹ́ ènìyàn kì í ṣe ilẹ̀. Ìwé ìbí ọmọ kì í ṣe ilẹ̀. Bí ó bá sì kan ilẹ̀ gan-an, ìwé ni yóò gbà yín, kì í ṣe ìbínú. Bí a bá kọ ọ́ pé, "Mo yá a lò fún ọdún márùn-ún, oúnjẹ nìkan ni mo gbìn," tí òun àti onílẹ̀ tẹ ìka sí i, tí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, ọmọ ta ni yóò wá sọ ọ̀rọ̀ míràn? Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín bàbá yín àti bàbá tirẹ̀, tí àwọn méjèèjì ti kú, ìyẹn gan-an ló ń bí ìjà. Ìwé ń dáàbò bo onílẹ̀ bó ṣe ń dáàbò bo àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ má baà rò pé ẹnu lásán ni mò ń jà.

Ọmọbìnrin kan wà ní ilé ìwé wa, ọmọ ará Djougou kan tó ń gbé ní abà. Iwájú ni ó wà ní kíláàsì rẹ̀ láti ọdún kìíní. (Ó ń gba àmì ju ọmọ tèmi lọ, ó sì ń dun ọmọ mi.) Nígbà tó dé kíláàsì ìkẹyìn ní ọdún 2021, wọ́n ní kí ó mú ìwé ìbí wá kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ fún ìdánwò CEP. Kò ní. Inú ahéré ni wọ́n bí i sí nígbà òjò, omi ti gba ọ̀nà, bàbá rẹ̀ kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ìdánwò. Òun padà sóko, ó ń ṣa kajú. CEP yìí nìkan ni ìwé-ẹ̀rí tí èmi alára ní láyé mi. Òun ló jẹ́ kí n lè máa kọ ìwé sí yín báyìí. Nítorí náà, ẹ mọ ìdí tí n kò fi lè sùn.

Àwọn tó gbà á kì í ṣe ọkùnrin abúlé yìí. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ gaàrí ni. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìwé ìbí lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí adájọ́ ṣe ìdájọ́ tí yóò dúró fún un, bí ẹlẹ́rìí bá wà. Ẹlẹ́rìí sì wà! Méjì nínú wọn ló gbẹ̀bí ọmọ náà lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n dá owó ọkọ̀ nínú owó gaàrí, wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò tilẹ̀ bá ẹni tí wọ́n fẹ́ rí. Ìwé náà jáde, ọmọ náà ṣe ìdánwò ní ọdún 2023, ó sì yege. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ wọn ti ní kí obìnrin abà tó bá lóyún wá sọ fún àwọn, kí wọ́n lè mú un lọ wọn ìwọ̀n, kí wọ́n sì rán an létí ìwé ìbí kí ọjọ́ tó kọjá. Kò ná wọn ju igbá gaàrí díẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin abà pàápàá ti wà nínú àjọ wọn báyìí, wọ́n ń dá owó kékeré, wọ́n sì ń kó o bíi ti gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ ti mọ̀ọ́kọ, ẹ ti mọ̀ọ́kà. Kí ni ẹ ń fi ṣe? Èmi kò kọ́ yín ní òǹkà kí ẹ lè máa fi í rẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá gba ẹnì kan sí iṣẹ́ ọdún, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjì tó dọ́gba: iye owó, ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí, ohun tí ẹ ó máa ṣe bí ó bá ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kan jẹ́ ará ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀kan kó tọ́jú. Ẹ máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí gbogbo rẹ̀ má baà wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá yá owó, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjèèjì lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ dáadáa, kó wá bá mi. Ọ̀fẹ́ ni, n kò ní gba àdìẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹgbẹ́ olóko òwú sì máa pe àwọn tó ń fín oògùn sí ìpàdé oògùn. Kí àáró fi orúkọ wọn kún orúkọ wa. Àwọn kan yóò ní mo ti ń ṣe ọ̀gá lé wọn lórí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo ti lọ bá àna mi níkẹyìn. Ó pẹ́ kí ó tó dá mi lóhùn. Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé ìṣirò tirẹ̀ jáde, a jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka 10.000 sẹ́fà sí mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Mo ti bi gbogbo ará Boukoumbé tó kọjá níbí léèrè ọkùnrin náà, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà. Owó náà wà nínú páálí tí mò ń kó ìwé kíláàsì sí, pẹ̀lú ìwé ìṣirò tó gbàgbé sọ́dọ̀ mi. Mo ti tún un ṣe nígbà púpọ̀, 138.300 ló yẹ kó gbà. Iye tó kọ síbẹ̀ nìyẹn.